Àmì Abẹ́ Àga

"Ta ni ẹni tí kò lójú tí kò nímú yìí?"

Bàbá na ìka sí kọ̀ǹpútà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì ẹgbẹ́ káfíńtà, orí aláwọ̀ eérú kan ló wà níbẹ̀, tó dà bí òjìji. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe Bàbá, nítorí ohun tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kánjú fa ayùn. Lọ́sàn-án yìí, kò sí pẹ̀lẹ́ kankan lóhùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà lẹ ò jẹ́ ká ya yín ní fọ́tò, Ọ̀gá," ni Alága ẹgbẹ́ wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi fọ́tò mi ṣe? Ṣé imú mi ni oníbàárà fẹ́ jókòó lé ni?"

Àwọn káfíńtà tó kún ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ṣe ìkànnì náà, ó sì mọ̀ pé ẹ̀bi òun ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí. Kò sí káfíńtà inú ẹgbẹ́ náà tí kò ní àmì tirẹ̀, tó máa ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sábẹ́ àga kó tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Ó ti kiri ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń ki orí bọ abẹ́ àga, ó ń ya àwòrán àwọn àmì náà. Ẹni tí kò bá fi fọ́tò sílẹ̀, àmì rẹ̀ ni yóò hàn. Ṣùgbọ́n ó kánjú. Àárín kóòdù àwọn tó ṣe ètò tó fi kọ́ ìkànnì náà gan-an ló wọ̀, ó gé e, ó sì fi tirẹ̀ dí i. Láàárọ̀ yìí ni ètò náà gba àtúnṣe tuntun, àtúnṣe ọ̀hún sì gbá gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bàbá yíjú sí i. "Ọmọ mi, yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ kí ìpàdé yìí tó tú. Ogójì ọdún ni mo ti ń kan àga. N ò ní wá di òjìji lọ́jọ́ ogbó."

Alága fa ọmọbìnrin náà lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Bí bàbá rẹ bá jáde, gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e. Ìdajì ẹgbẹ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe."

"Ẹ fún mi ní wákàtí kan, sà."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọwọ́ kan kóòdù olóhun. Àwọn tó ṣe ètò náà ti fi ìkọ́ sílẹ̀ káàkiri inú rẹ̀, bí onílé ṣe ń kan ìṣó mọ́ ògiri kí ayálégbé lè rí ibi gbé aṣọ kọ́. Ó wá ìkọ́ tó wà níbi tí àwòrán ti ń jáde. Ó kọ kóòdù tirẹ̀ sínú fáìlì ọ̀tọ̀, ó sì gbé e kọ́ ibẹ̀: bí fọ́tò kò bá sí, mú àmì wá. Ìlà mọ́kànlá péré.

Nígbà àkọ́kọ́, àmì Alága ló jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gbogbo ènìyàn.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni Alága wí. "Ó ti ń wù mí tipẹ́."

Ọmọbìnrin náà gbàgbé láti jẹ́ kí kóòdù náà bèèrè orúkọ ẹni tí àmì wà fún ni. Ó tún un ṣe, ewé mẹ́ta inú òrùka, àmì Bàbá, sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Èyí náà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á tún gbá a lọ."

"Wọn ò lè gbá a mọ́, Bàbá. Mo ti gbé e kọ́ ibi tí àtúnṣe kì í dé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó gbé ọwọ́ lọ síbi bọ́tìnnì tó ń tún gbogbo ètò náà gbé kalẹ̀ láti ìpìlẹ̀, bí àtúnṣe àárọ̀ yẹn ṣe ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ojú ìwé náà funfun báláú. Ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn àmì náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó yẹ̀.

"Ẹ bá mi yọ fọ́tò tèmi náà o!" ni káfíńtà kan pariwo. "Ìyàwó mi ní ṣe ni mo rí bí olè níbẹ̀."

Ṣáájú ọjọ́ yìí, tí wọ́n bá bi Bàbá léèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, "Ó ń tẹ nǹkan" ló máa ń sọ.

"Ta ló bí ọmọ yìí?" Alága bèèrè, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Èmi ni," ni Bàbá wí. Ó fa àga kan sún mọ́ ti ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó sì ti awò ojú rẹ̀ sókè lórí imú. "Ibo lo gbé e kọ́? Fi hàn mí. Má fo nǹkan kan."

Ọmọ náà ṣí fáìlì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní.