Ó Fi Ilé Sílẹ̀

Èmi Àkíbù aránṣọ ni mo fi ẹnu ara mi gba ilé lọ́wọ́ Augustine. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ogun ló fà á.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ará Aluu, tí kò jìnnà sí Diobu, ni ìyá mi. Augustine, ọmọ Ígbò, ni onílé mi ní Diobu. Kí ogun tó dé, èmi, òun àti Dagogo, káfíńtà ará Abuloma, máa ń jiyàn níwájú ilé yẹn lọ́jọ́ Àìkú. Dagogo á ní, "Na house you get. Ground na our papa get am." Augustine á ní òun rà á, òun kọ́lé sí i, òun ló ni ín. Èmi á máa fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín: ilẹ̀ tó máa gbé gbogbo wa mì, ta ló tó pe ara rẹ̀ ní olówó rẹ̀? Ẹni tí kò ní ilé ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ máa ń yá lẹ́nu.

Ní 1968, nígbà tí ìbọn ń dún bọ̀, Augustine fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun tọ́jú ilé, òun ń bọ̀. Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Mo sì tọ́jú ilé náà títí ogun fi parí.

Akọ̀wé ìjọba wá ń ka ilé tí olówó wọn kò sí ńbẹ̀. Ó bi mí nípa onílé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ó fi ilé sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo bá fi gbogbo ẹnu sọ pé, "Landlord don leave the house."

"E leave am?"

"Yes, sah. Since sixty-eight."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ka. Wọ́n kun nọ́ńbà pupa sára ògiri, àmì pé ìjọba ti gba ilé náà. Nígbà tí Dagogo gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Akibu! You tell them say e throw am away!" Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì, mo ń ṣàlàyé, wọ́n ní ìwé ti lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, Augustine dé. Ó ti rù kan egungun. Inú igbó ló sin ìyàwó rẹ̀ sí. Àwọn tí ìjọba fún ní ilé náà kò jẹ́ kó wọlé. Ó bi wá pé ta ló sọ pé òun ti sọ ilé òun nù.

Dagogo, tó máa ń bá a jà lórí ilẹ̀, ń sunkún. Kò tú àṣírí mi. Èmi ní mi ò mọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó.

Augustine gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní kí ẹni tó sọ ọ́ má rí ilé gbé, kó má sì rí ilẹ̀ tí wọ́n máa sin ín sí.

Mo ní, "Àmín."