Kéèlì Tí Wọ́n Gé Kí Ìrì Tó Dì

Oúnjẹ tí Tjitske Hofstra fi ń ṣìkẹ́ Fokke ló fẹ́ pa á. Fokke ni ẹyẹ kọ́kátíìlì rẹ̀, ìbátan ayékòótọ́ tó kéré, aláwọ̀ eérú, tí ìyẹ́ máa ń dìde ṣánṣán lórí rẹ̀. Láti ọdún méjì tí ọkọ Tjitske ti kú, ẹyẹ yìí nìkan ló ń súfèé nínú ilé náà. Kí ni obìnrin náà ì bá fi san án lóore? Hóró òdòdó oòrùn ló ń bù fún un, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí abọ́ á fi kún. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Dókítà ẹranko gbé Fokke sórí ìwọ̀n, ó mi orí. "Màdáámú, ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa fún un ní ewé. Kéèlì, ẹ̀fọ́ ìgbà òtútù yẹn, dáa, kárọ́ọ̀tì náà dáa. Ẹ má gba hóró lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, ebi á pa á kú. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa dín in kù. Àmọ́ tí kò bá kọ́ ewé jíjẹ, mi ò rò pé á rí ọdún tuntun."

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nílé. Tjitske gé kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́, Fokke dà á nù. Ó ra kéèlì inú láílọ́ọ̀nù, èyí tí ẹ̀rọ ti gé kúnná. Fokke kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹyẹ ń tòògbé lórí igi rẹ̀, kò súfèé mọ́. Ẹ̀rù ba Tjitske gan-an. Odidi ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé ni dókítà ní kó so kọ́ fún un, kó lè fi ṣeré. Ó sì mọ ibi tí irú rẹ̀ wà: ọgbà Wobbe, bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí ilé rẹ̀ fara kan tirẹ̀.

"Bàbá Wobbe, ẹ jọ̀ọ́, ewé méjì péré."

"Nínú oṣù kẹwàá?" Wobbe dúró lórí ebè rẹ̀. "Tjitske, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ìrì ò tíì dì lé e lórí. Ta ló ń gé kéèlì kí ìrì tó dì? Bàbá mi ò ṣe é, bàbá bàbá mi ò ṣe é. Òtútù ìrì dídì ló ń mú un dùn, ó máa korò ni."

"Ẹyẹ ló fẹ́ jẹ ẹ́, kì í ṣe bàbá yín."

"Ẹyẹ náà ní ẹnu. Padà wá nínú oṣù kejìlá."

"Ó lè ti kú kó tó di ìgbà yẹn."

Wobbe kọjú sí ebè rẹ̀. Tjitske wọlé, ó jókòó ti àgò ẹyẹ, ó sunkún. Àṣà dára o, àmọ́ èwo ni ti kí ẹyẹ máa kú lọ kí èèyàn máa dúró de ojú ọjọ́?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Wobbe kan ilẹ̀kùn. Apẹ̀rẹ̀ kéèlì ló gbé lọ́wọ́, omi ṣì ń kán lára ewé. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí. Ó so ewé kan mọ́ àgò. Fokke ò mira.

"Ìwọ fúnra ẹ, kí lò ń jẹ?" Wobbe bi í.

"Búrẹ́dì àti wàràkàṣì."

"Láàárọ̀?"

"Láàárọ̀. Àti lálẹ́." Ojú tì í. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò rí ìdí tí èèyàn fi ń dáná fún ẹnìkan ṣoṣo.

"O ò jẹ ewé, o wá fẹ́ kẹ́yẹ jẹ ẹ́? Ohun tí ará ilé wọn bá ń jẹ làwọn yìí ń jẹ. Ṣí àgò yẹn. Gbà, jẹ."

Ni àgbàlagbà méjì bá jókòó ti tábìlì, wọ́n ń jẹ kéèlì tútù bí ewúrẹ́. Ojú Wobbe fún pọ̀. "Mo sọ fún ẹ!" ó ní, ẹnu rẹ̀ kún. "Mo sọ fún ẹ pé ó máa korò!" Tjitske bú sẹ́rìn-ín, irú èyí tí kò tíì rín láti ọdún méjì. Bóyá ẹ̀rín náà ni o, bóyá ìró ẹnu wọn ni, Fokke fò wálẹ̀ sórí tábìlì, ó rìn tìkọ̀tìkọ̀ dé ọwọ́ Tjitske, ó gé etí ewé náà jẹ. Ó tún gé e.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Hóró ń dín, ewé ń pọ̀. Odidi ebè kan ti pá. Àwọn ará àdúgbò ń fi Wobbe ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gé kéèlì kí ìrì tó dì, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Nínú oṣù kọkànlá, dókítà tún gbé Fokke sórí ìwọ̀n, ó ní ó ti fúyẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti ń sàn.

Tjitske ò yà sílé. Ọgbà ló gbà lọ tààrà, òun àti àgò tó faṣọ bò. Wobbe kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń tu koríko. Níbi tí wọ́n ń gbé, ẹnikẹ́ni kì í sọ tinú rẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀. Kéèyàn kàn mi orí láti fi dúpẹ́ ti tó. Ṣùgbọ́n Tjitske dì mọ́ ọn tòun ti ẹrẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá Wobbe, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti rò pé ilé mi máa dákẹ́."

Wobbe fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó dáa," ó ní. "Kí la máa jẹ lónìí?"