Kámáràdì Bouraïma àti Ìlà Ìkẹyìn

Ìjọba Ìyípadà pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ikùn kámáràdì Bouraïma sì pé oṣù mẹ́sàn-án. Òun ni ọ̀gá bíró kan, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba, ní Porto-Novo. Adizatou nìkan ló mọ kọ̀ǹpútà í lò níbẹ̀, òun náà ni ọ̀gá sì dojú kọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

“Cotonou ti kọ̀wé! Ẹnì kan ní bíró yìí kì í fi ‘Ìjà ṣì ń lọ!’ parí lẹ́tà. Ọ̀tá ìlú ni! Wá a jáde kí n tó jẹun ọ̀sán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ l'Akpro-Missérété lò ń lọ. Ẹ̀gẹ́ ò nílò kọ̀ǹpútà.”

Adizatou wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ C, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣé ọkọ́ ló kù fún un?

“Ọ̀gá, ẹ ṣàpèjúwe ìlà ìkẹyìn tó pé fún mi. Ẹ̀rọ á tú àpèjúwe náà sí èdè ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, á wá máa fi wé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá bá a mu, á dárúkọ ẹni tó kọ ọ́.”

“‘Ìjà ṣì ń lọ!’ Ó tán! Nǹkan kan ò gbọdọ̀ tẹ̀lé e.”

“Nǹkan kan rárá?”

“Eṣinṣin gan-an ò gbọdọ̀ bà lé e!”

Adizatou tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó fi àmì dọ́là parí rẹ̀. Bouraïma fò sókè.

“Owó Amẹ́ríkà! Nínú bíró mi!”

“Àmì òpin ìlà ni, ọ̀gá. Kò lè ra guguru.”

Ẹ̀rọ tú àpèjúwe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé irinwó lẹ́tà. Ọ̀gá ti ṣí kálámù láti kọ orúkọ ọ̀daràn sílẹ̀. Orúkọ yọ: Bouraïma. Bouraïma. Bouraïma. Kò sí ẹlòmíì.

Ibo ni ìyẹn ti wá? Lẹ́yìn “Ìjà ṣì ń lọ!”, ọ̀gá kì í lè panu dé. Orí ìlà kan náà ló ń to oyè rẹ̀ sí: ọ̀gá bíró, alága ìgbìmọ̀, igbákejì akápò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Houinmè. Ìjà ń lọ, oyè ń wọ́ tẹ̀lé e bí ìrù alángbá.

“Ẹ̀rọ yìí ń ṣàìsàn!”

“Ara ẹ̀ le kokooko. Ṣé kí n fi orúkọ yìí ránṣẹ́ sí Cotonou?”

Ọ̀gá tó ń gbó bí ajá láàárọ̀ ti ká ìrù sábẹ́.

“Ìyá mi, ẹ dákun. Ẹ yí àpèjúwe yẹn padà, kí oyè lè tẹ̀lé e.”

“Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún un tú, èmi nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àbí kí n ti oko ẹ̀gẹ́ máa ṣe é?”

“Ta ló dárúkọ oko níbí?” Bouraïma jágbe, ó ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀tá ìlú.