Sàráà Ọjọ́ Tí Eré Parí

Láti ìgbà tí Raheem ọkọ Aasiyah ti kú, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ kì í bára wọn sọ̀rọ̀ kọjá ìkíni nínú ilé wọn ní Ìdímù, àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ wo eré alápá ọgọ́ta kan lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí eré náà parí, Aasiyah sunkún ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Kí ni wọ́n ó tún máa rí sọ?

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Raheem din àkàrà, wọ́n ń pín in láti ojúlé dé ojúlé.

“Màmá, eré lásán lẹ ń ṣe sàráà fún?” Aasiyah bi wọ́n.

“Ta ló ń ṣe sàráà fún eré? Ọpẹ́ ni mò ń dú, jàre! Ọlọ́run gba ọmọ kan lọ́wọ́ mi, eré yẹn ló fi òmíràn lé mi lọ́wọ́.”