Aṣọ Oníbàárà

Láti òwúrọ̀ ni ọkàn ìyá alágbàfọ̀ kò ti balẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó tún un gbá. Ó nu àga kan ṣoṣo tó ní, ó tì í sí ògiri, ó tún fà á padà. Ẹgbẹ́ aláàánú tó ń san owó ilé-ìwé fún ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ló fẹ́ rán èèyàn wá wo ilé wọn. Bí ẹni náà bá gbà, ọmọbìnrin rẹ̀ á padà sí kíláàsì. Bí kò bá gbà, ó parí nìyẹn, ìdí báàfù aṣọ ni ọmọ náà máa dàgbà sí.

Ọmọ tó ń gba ipò kìíní o! Ikú bàbá rẹ̀ ló dé tí wọ́n fi dá a padà sílé láàárín táàmù. Ó wá ń lọ aṣọ aláṣọ, ó ń fẹnu ṣe ìṣirò bó ṣe ń lọ̀ ọ́.

Ìyá wo ara rẹ̀. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ti ṣá, ó ti ya léjìká. Ó na ọwọ́ sí ibi tí àwọn aṣọ tó ti lọ̀ wà, ó fa búbá olówó ńlá yọ pẹ̀lú ìró rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ó tún mú gáùn ọmọ oníbàárà mìíràn, ó kó o sí ọmọ lọ́rùn.

"Màámi, aṣọ oníbàárà nìyí o!"

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Ṣé kí wọ́n wá bá wa bí ẹni tí kò níláárí ni?"

Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ń bọ̀ wá wo àìní, ó ń kó ọrọ̀ ọlọ́rọ̀ jáde.

Àlejò dé, obìnrin kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tí awò wà lójú rẹ̀. Ó kí wọn dáadáa. Ó wo búbá, ó wo gáùn, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Màmá, ta ló ń ràn yín lọ́wọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Aṣọ ọrùn yín yìí ńkọ́?"

Haa! Ìyá rò ó síwá sẹ́yìn. Bó bá ní òun lòun ni ín, ilé-ìwé ti lọ nìyẹn. Bó bá sọ òótọ́, tí àdúgbò sì gbọ́ pé alágbàfọ̀ ń wọ aṣọ oníbàárà, ta ló tún máa gbé aṣọ fún un? Ó tẹ orí ba, ó ń fa etí búbá náà.

"Ẹ má bínú," ni àlejò wí, ó gbé báàgì rẹ̀. "Àwọn ọmọ tí kò ní rárá pọ̀ tí wọ́n ń dúró dè wá."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá tó pariwo.

"Ẹ dákun, ẹ dúró! Kì í ṣe tèmi. Ti oníbàárà ni, tọmọ náà kì í ṣe tiẹ̀. Ojú ló tì mí!"

Ó sá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó bọ́ búbá àti ìró. Ó padà jáde nínú aṣọ tó ya léjìká, kò lè gbójú sókè. Ó ti rò ó pé wọ́n máa pe òun ní òpùrọ́, wọ́n á tún pe òun ní olè.

Àlejò gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo ilé tiwa nítorí ẹ̀gbọ́n mi," ló wá wí, "bàtà aládùúgbò ni ìyá mi wọ̀. Ìyá mi ò jẹ́wọ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ò padà sí kíláàsì mọ́ láéláé."

Ó yíjú sí ọmọ náà. "Lọ bọ́ aṣọ aláṣọ. Kó o gbé yunifọ́ọ̀mù rẹ wá, ká mọ̀ bóyá ó ṣì gbà ọ́. Ọjọ́ Ajé lo máa wọ̀ ọ́."

Ìyá bú sẹ́kún. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yunifọ́ọ̀mù náà wà. Látìgbà tí wọ́n ti dá ọmọ padà sílé ni ìyá ti ń fọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń fi í kọ́ síbẹ̀.