Ẹ Kú Oríire, Ẹ Kú Ìrọ́jú

Geesje, tó ni ṣọ́ọ̀bù òdòdó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Winschoten, nílẹ̀ Netherlands, kì í pariwo. Bó bá fẹ́ lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, kọfí ló máa ń kọ́kọ́ gbé fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó gbé kọfí síwájú mi.

Èmi ni mo ṣètò ìkànnì wa kó máa kí oníbàárà bí ibi tó gbà wọlé bá ṣe rí. Ẹni tó bá ti ojú ewé ìkéde òkú wá, a ó bá a kẹ́dùn. Ẹni tó bá ti ojú ewé ọjọ́ ìbí wá, a ó kí i kú oríire. Ní èdè Dutch wa, gefeliciteerd ni ti oríire, gecondoleerd ni ti ọ̀fọ̀. Orí kan náà, ìrù kan náà. Ta ló rán àwọn baba ńlá wa níṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo fi ọ̀kan sípò èkejì láti ọjọ́ Ẹtì.

"Fenna, opó mélòó la ti kí kú oríire?"

"Mẹ́rin. Ọ̀kan ra òdòdó."

"Mu kọfí rẹ."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò níbẹ̀, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Bàbá arúgbó kan wọlé, ó so táì, ó na fóònù rẹ̀ sí wa.

"Ta ló kọ èyí? Mo pé àádọ́rùn-ún ọdún lónìí. Mo ní kí n ra òdòdó fún ara mi, ẹ ní ẹ bá mi kẹ́dùn."

"Èmi ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe kẹ̀? Ìyàwó mi ti lọ, àwọn àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ, a ò bímọ. Bí àlejò bá wá lónìí, ta ni wọn ó kí?"

Lọ́dọ̀ wa, a kì í kí ọlọ́jọ́ ìbí nìkan. Ìyàwó, ọmọ, àbúrò, gbogbo wọn la ń bọ̀ lọ́wọ́, tí a ń kí kú oríire rẹ̀. Àánú bàbá náà ṣe mí débi pé mo gbàgbé iṣẹ́ mi.

Geesje nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́, ó kọjá lára bàbá náà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Fenna, o kú oríire ọjọ́ ìbí bàbá rẹ."

Bàbá náà wò mí, ó wo Geesje. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ̀yin náà, ẹ kú oríire bàbá òṣìṣẹ́ yín."

Geesje ní kí n gbé kọfí yẹn fún bàbá mi. Ó ti tutù. Bàbá náà mu ún tán.