Bùrọ̀dá Dírẹ́bà Lọ Tọrọ Oòrùn

Làbákẹ́, tẹ orí ba dáadáa kí n lè rí ìpàkọ́ rẹ dì. Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ díráyà, ẹ yọ orí jáde díẹ̀, kí ẹ má baà ní kí n tún un sọ. Àlá ni mo lá lóru àná. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbààwẹ̀ sí o, ẹni kẹ́ni má gbé àdúrà dìde. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ.

Ẹ mọ bàbá mi, ẹ sì mọ ìjàpá wọn. Nígbà tí bàbá mi ń wa lọ́rì lọ sí Òkè Ọya ni wọ́n rí i lójú ọ̀nà, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ nígbà náà. Wọ́n gbé e síwájú ọkọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Dírẹ́bà. Wọn kò tíì bí mi. Ní báyìí tí apá kan àti ẹsẹ̀ kan bàbá mi ti rọ, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, wọ́n gbé Dírẹ́bà dání, ó ti tóbi tó abọ́ ìfọṣọ. Mo sì tọ́jú rẹ̀ o! Kò sẹ́ni tó lè sọ pé n ò tọ́jú rẹ̀. Iyàrá tó tutù jù nínú ilé ni mo fi í sí pẹ̀lú bàbá mi. Mo gbé e sínú bàsíà omi, mo tan fáànù lé e lórí, búrẹ́dì tí mo rẹ sínú tíì oní-mílíìkì ni mo fi ń bọ́ ọ. Ọkọ mi gan-an ò jẹ irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ wú, imú rẹ̀ ń yọ omi, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́.

Kí ni bàbá mi wí? Wọ́n ní bí Dírẹ́bà ò bá jẹun, àwọn náà ò ní jẹun. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni, àfi bí wọ́n ṣe kọ oúnjẹ lóòótọ́. Mo se ẹ̀kọ, wọ́n yí ojú sí ògiri. Mo gún iyán, wọ́n ní kí n gbé e fún Dírẹ́bà wò. Egungun èjìká wọn ti ń yọ lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní parọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sọ́kàn tí mo fi sùn.

Bí mo ṣe sùn, inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo bá ara mi. Gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà yìí, àfi pé Dírẹ́bà ló jókòó sábẹ́ díráyà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. N ò tilẹ̀ bi í pé ìgbà wo ló kàwé. Mo ní, “Dírẹ́bà, ṣé irun lo fẹ́ ṣe ni?”

Ó ká ìwé ìròyìn náà pọ̀. “Àwẹ̀ró, ta ló dàgbà jù nínú èmi àti ìwọ?”

Òótọ́ ló sọ. Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá Dírẹ́bà. Ẹ káàsán, sà.”

Ó ní, “Òtútù ló ń pa mí. Díráyà rẹ yìí gbóná, ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn.”

Ni díráyà bá gbé agbárí sókè, inú ń bí i. “Ta ni kì í ṣe oòrùn? Orí mélòó ni mo ti gbẹ ládùúgbò yìí?”

“O lè gbẹ irun,” Dírẹ́bà dá a lóhùn, “o ò lè mú egungun le. Egungun ni igbá ẹ̀yìn mi yìí. Oòrùn gan-an ló ń mú un le, òun pẹ̀lú ewé yánrin tí wọ́n bá bu èèpo ẹyin lílọ̀ lé.”

Díráyà ronú sí i. Ó ní òun gbà. Ó ní tí ibà pọ́njú bá mú ọmọ ìkókó, ìta ni wọ́n máa ń gbé e lọ sínú oòrùn àárọ̀, kò sí ìyá ọmọ kankan tó gbé e wá sábẹ́ òun rí. Ó bá sunkún díẹ̀, mo fi aṣọ ìnura nù ún lójú. Làbákẹ́, má rẹ́rìn-ín, orí rẹ ń mì.

Mo wá sọ pé bó bá jẹ́ oòrùn ni, kí a lọ tọrọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín in. Mo pọn Dírẹ́bà, mo fi ìró dì í, mo gba ọ̀já lé e. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, títì ò sí níta mọ́. Ọ́fíìsì ìjọba kan ló wà níbẹ̀, ó léfòó lókè. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ kó má baà fò lọ bá ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo gun okùn náà lọ. Tèmi ti bàtà gogoro, Dírẹ́bà lẹ́yìn mi, ara mi dá ṣáṣá.

Èrò ti tò síbẹ̀. Èlùbọ́ kan wà níwájú pátápátá lórí àtẹ rẹ̀, ó ti ń bu. Ṣòkòtò tútù kan tẹ̀ lé e, ó ń kán tótó sílẹ̀. Mo kí i, ó ní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lòun ti ń dúró. Mo ní ẹ kú ìdúró, ó ní ẹ ṣé, mà.

Ọ̀gá tó ń pín oòrùn ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fámúrewá. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó dé fìlà, oòrùn kún pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú agolo bíi mílíìkì. Nígbà tó kàn mí, ó ní, “Kí ni ẹ̀yin fẹ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ara rẹ̀ ò yá. Ó nílò ilé tí oòrùn ń wọ̀.”

“Ilé?” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn?”

“Ilé ni, sà.”

“Ìjọba kì í fún onílé ní ilé. Ẹlòmíì!”

Mo rò ó wò, mo rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Mo tilẹ̀ ti yípadà tán kí n tó rántí bàbá mi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ilé náà ti ń rọ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án wò.”

Ó fi ìka tẹ igbá Dírẹ́bà. Ìka wọlé, kò jáde mọ́. Bó ṣe ń fà á ni Dírẹ́bà ń rojọ́ tirẹ̀ fún un. “Ẹ wò ó, ọ̀gá, inú omi ni wọ́n ń rẹ mí sí tọ̀sán-tòru. Ibi gbígbẹ ni ìran tiwa ti wá. Kí a wẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí a mu díẹ̀ níbẹ̀, kí a jáde, ìyẹn ti tó. Ẹ gbọ́ bí imú mi ṣe dí.”

Ojú tì mí níwájú àwọn èrò. Mo bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Búrẹ́dì ńkọ́, Bùrọ̀dá?”

“Búrẹ́dì rẹ dùn,” ó ní. “Ṣùgbọ́n níbo lo ti rí ìjàpá tó ń mu tíì?”

Ọ̀gbẹ́ni Fámúrewá fẹ́ dá sí i. Ó la ẹnu, ó ní, “Ní ti òfin…” Ohùn rẹ̀ bá lọ sókè, ó ní, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” Irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti di pátákò, ìyẹn ló jẹ́ kó rí i yọ.

Mo wo akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé ò gbójú sókè níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà. “Ẹ máa sọ̀rọ̀ yín lọ, mà,” ó ní. “Ìgbà tí wọ́n bá rí báyìí gan-an ni wọ́n máa ń gbọ́ràn.”

Mo bá ń bá a lọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún un ní oòrùn àárọ̀, kí wọ́n sì fi ibòòji díẹ̀ sí i, tí yóò lè sá sí bó bá gbóná jù. Òbúkọ ń mi orí. Ó jẹ àga tó fi jókòó. Ó jẹ tábìlì. Ó na ọrùn síta, ó jẹ okùn tí wọ́n fi so ọ́fíìsì mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Ni a bá gbéra. A kọjá òrùlé ilé, a kọjá ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí. Ṣòkòtò tútù ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ó kéré tán a ti ń sún mọ́ oòrùn.

Ojú sánmà níbẹ̀ ni a ti pàdé lọ́rì bàbá mi. Àwọn fúnra wọn ló ń wà á, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, ọwọ́ wọn méjèèjì le lórí ìdarí ọkọ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún ẹ̀yìn, oòrùn ló sì wà nínú gbogbo apẹ̀rẹ̀ náà. Inú mi dùn, mo pariwo pé, “Bàbá mi, ẹ dúró!” Wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ báyìí, wọ́n ti darúgbó padà, igbá ìjàpá sì ti wà lẹ́yìn wọn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun.”

“Ṣé Dírẹ́bà ti jẹ?”

“Rárá, sà.”

Wọ́n fa orí wọlé. Wọ́n fa ọwọ́ wọlé, èyí tó le àti èyí tó rọ. Mo ń kan igbá yẹn bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. “Bàbá mi, Àwẹ̀ró ni o. Ẹ dá mi lóhùn.” Mo tẹ etí mọ́ igbá náà. Gbogbo ìyókù àlá yẹn ni mo gbà pé bó ṣe yẹ kó rí ló rí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn dùn mí, mo sunkún lójú oorun.

Mo kọjú sí òbúkọ. “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ wá nǹkan ṣe sí i.”

Òbúkọ gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó wò mí dáadáa, ó ní, “Èwo ni kí n jẹ?”

Kí n tó fún un lésì, mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́ bí ẹni ń jẹ nǹkan ní iyàrá bàbá mi. Mo ní háà, ṣé àwọn ni wọ́n ń jẹun? Mo sáré wọbẹ̀ pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo láyà. Òbúkọ Ìyá Mulikátù, aládùúgbò wa, ló ti orí bọ ojú fèrèsé. Ó ti jẹ kọ́tìnì mi dé ìdajì, kọ́tìnì búlúù tó nípọn, èyí tí mo ta síbẹ̀ kí oòrùn má baà dààmú wọn. Oòrùn àárọ̀ ti wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Bàsíà ti dojú dé, omi ti ṣàn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dírẹ́bà wà láàárín oòrùn yẹn, ó na ọrùn, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú rẹ̀ là. Ewé kan tó bọ́ lẹ́nu òbúkọ wà níwájú rẹ̀. Ó ti bù ú jẹ létí, ó sì tún ń bù ú.

Mo ti gbé igi sókè láti lé òbúkọ nítorí owó kọ́tìnì mi. Ojú èmi àti òbúkọ ṣe mẹ́rin. N ò mọ ohun tó ṣe mí, mo ju igi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà.”

Bàbá mi, tí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n fi ọwọ́ tó le nu ojú, wọ́n wo Dírẹ́bà, wọ́n wá wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

“Àwẹ̀ró,” wọ́n ní, “kí lo sè?”